Kí Pátákó Má Kún

Kó má kún. Kó má tíì kún báyìí. Mẹ́rin wà lókè, méjì wà nísàlẹ̀, àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù láàárín... bí mo bá tì wọ́n sí òsì, méjì á bá méjì, á di mẹ́rin, mẹ́rin á tún bá mẹ́rin... bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Mo tì wọ́n sí òsì. Nọ́ńbà ń wọnú nọ́ńbà lójú fóònù mi, wọ́n ń di ọ̀kan ṣoṣo. Àyè méjì ṣí sílẹ̀. Mo mí.

Àwa méjì péré la kù. Èmi Ọdúnjọ, tí mo ti ń lẹ táìlì fún ọmọ aráyé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àti ẹni tó jókòó kọjú sí mi yìí, tí tábìlì kan wà láàárín wa. Ènìyàn mẹ́tàdínlógójì la jọ wọ gbọ̀ngàn àdúgbò Addo yìí láàárọ̀, kálukú pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Wòlíì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ẹ̀yìn ọjà náà wà níbẹ̀, nínú sùtáná, láìwọ bàtà. Pátákó tirẹ̀ kún kí agogo mẹ́wàá tó lù, ó ní òun ti rí i tẹ́lẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dìde, tí wọ́n ń na ẹ̀yìn, tí wọ́n ń lọ jẹ ìrẹsì lábẹ́ àgọ́. Oòrùn ti yí dé fèrèsé kejì. Ẹni méjì. Ẹni kejì yẹn... kí n má pe orúkọ rẹ̀. Èmi náà ni mo sì sọ ọ́ lórúkọ. Fẹ́rànmí. Ọmọ mi ni.

Oṣù méje rèé tí mi ò gbóhùn rẹ̀.

Quadri, tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá títì, ló ṣètò eré náà: táìlì nọ́ńbà méjì tó bá bára mu á di ọ̀kan, tuntun á sì yọ nígbàkígbà tí a bá tì wọ́n. Ó ka òfin fún wa kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí aago bá dún, kí kálukú ti táìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òun á ka oókan dé ẹẹ́wàá. Ẹni tí kò bá tì í, ó ti jáde. Ẹni tí pátákó rẹ̀ bá kún, ó ti jáde. "Ẹni tó bá sì lanu sọ̀rọ̀, Bàbá ni o, Àǹtí ni o, ó ti jáde nìyẹn." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo òfin, ìyẹn ló bá mi lára mu jù. Ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀?

Aago. Mo tì í sísàlẹ̀.

Kí ni mo tilẹ̀ ń wá níbí? Wọ́n gbé fìríìjì kékeré kan sórí pèpéle fún ẹni tó bá borí, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn. Mi ò nílò fìríìjì. Ṣùkúrátù ìyàwó mi ló lọ fi orúkọ mi sílẹ̀. Ó ní ṣebí mo máa ń tẹ̀ ẹ́ ní sáìtì ní gbogbo ìgbà tí a bá ń dúró de sìmẹ́ǹtì. Àárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń wọ bàtà, ló wá sọ ìyókù fún mi: pé Fẹ́rànmí náà ń bọ̀ láti Eléko, níbi tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò òun, pé lọ́jọ́ Ajé yóò bá àwọn kan lọ sí Kútọnu, hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ni wọ́n fẹ́ lẹ táìlì sí, ó di ọdún méjì. "Bàbá Fẹ́rànmí, ọmọ yín ni o. Kì í ṣe ẹgbẹ́ yín tí ẹ ó máa bá figagbága." Mo ní mo ti gbọ́. Irọ́ ni, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọdún méjì yẹn nìkan ló ń hó létí mi.

Nítorí náà, kó má kún. Bí mo bá borí, yóò dìde. Bí ó bá borí, yóò dìde. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù tí yóò fi máa jókòó síwájú mi ni kí eré yìí má parí. Ẹ wo àgbàlagbà bíi tèmi, tó ń fi nọ́ńbà so ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Aago. Òsì.

Ojú mi ti ń ṣe bákan. Bí mo bá wo pátákó yìí pẹ́ títí, kì í ṣe fóònù mọ́. Ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ pálọ̀ ńlá kan ní Lákowe, funfun, tútù, atẹ́gùn òkun ń gba ojú fèrèsé tí a kò tíì fi gíláàsì sí... mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ọmọbìnrin kékeré kan, Fẹ́rànmí ìgbà náà, sì ń na rọ́bà tín-ín-rín sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí a máa ń fi sáàárín táìlì méjì kí wọ́n má fún mọ́ra jù. Ẹ̀yìn yàrá la ti ń bẹ̀rẹ̀, mo ń sọ fún un. Igun tó jìnnà jù. Ibẹ̀ la ó ti máa fà sẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀, inú yàrá ni yóò há sí. Ó ń bi mí bóyá ó ti ṣe mí rí. Mo ní rárá o, èmi kẹ̀. Bẹ́ẹ̀, mo ti jókòó sí igun yàrá kan rí ní Àjàh, láti àárọ̀ di ọ̀sán, mo ń dúró kí sìmẹ́ǹtì gbẹ, ebi ń pa mí kú lọ. Ojú ló ń tì mí láti pe ènìyàn...

Aago — mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ. Mo tì í.

Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà lára ògiri tó ń fi pátákó àwa méjèèjì hàn. Mo jí tirẹ̀ wò. Igun ẹ̀yìn ló kó nọ́ńbà tó tóbi jù sí. Ó ń fi àwọn kéékèèké tò wọ́n bọ̀ níwájú. Ibi tí mo kó tèmi sí náà nìyẹn. Ẹni tó bá ń wò wá látẹ̀yìn á rò pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń ta méjèèjì. Inú mi dùn. Ó sì dùn mí. Èwo gan-an nínú méjèèjì? Mi ò mọ̀.

Nígbà ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, kò dìde. Èmi náà ò dìde. Ó ń wo èékánná rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì wà ní etí wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà ní etí tèmi.

Nítorí ọ̀rọ̀ táìlì kan ṣoṣo la ṣe wà báyìí. Oṣù méje sẹ́yìn, nílé mìíràn ní Lákowe, iṣẹ́ táìlì ti parí, àǹtí tó nilé dé láti wò ó, ó ń yìn wá, mo sì ti na ọrùn. Fẹ́rànmí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, ó fi ìdí òòlù kan táìlì kan, ó tún kàn án. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́. Abẹ́ ibí yìí ò kún." Níwájú onílé. Àǹtí náà yíjú wò mí. Ìwò yẹn... Ọgbọ̀n ọdún, mo ní, ọgbọ̀n ọdún, tàbí inú ni mo ti sọ ọ́, mi ò mọ̀ mọ́. Èyí tí mo fi ẹnu sọ, mo mọ ìyẹn. Mo ní ọmọ tó bá ń dójú ti baba rẹ̀ níta, kó má bá baba rẹ̀ jáde mọ́. Mo ní kí n má tún rí ẹsẹ̀ rẹ̀ níbikíbi tí mo bá wà.

Aago. Òsì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dára.

Tirẹ̀ ò dára. Pátákó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán, àyè kan péré ló kù. Ó ti dá ìka rẹ̀ dúró sí ojú òfuurufú. Òkè, Fẹ́rànmí. Tì í sókè, mẹ́jọ méjì wà lápá ọ̀tún yẹn, ṣé o ò rí wọn ni? Quadri ń kà á. Ẹẹ́fà. Eéje. Ọlọ́run mi, ẹ la ojú rẹ̀... Ó tì í sókè. Àyè mẹ́ta ṣí sílẹ̀. Mo ti ń gbàdúrà fún ẹni tí mo ń bá díje, òógùn sì ti bo gbogbo iwájú orí mi.

Táìlì yẹn... kí n má ronú kàn án. Mo ti ronú kàn án. Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé, èmi nìkan lọ. Mo kúnlẹ̀, mo kàn án. Ó dún bí ìkòkò tí kò sí omi nínú rẹ̀. Mo yọ ọ́, mo da sìmẹ́ǹtì sí abẹ́ rẹ̀, mo tún un lẹ̀, mo nu ojú rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ fún Ṣùkúrátù. Àwọn àgbà ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Èmi rèé, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń jẹun láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mi ò sì mọ ẹjọ́ kankan lẹ́bi rí. Oṣù méje ni mo fi ń sọ ọ́ kiri pé ọmọ yẹn ló ń bínú, pé orí rẹ̀ ti wú, pé bí ó bá fẹ́ rí baba rẹ̀, ó mọ ọ̀nà ilé.

Ó mọ ọ̀nà ilé. Àmọ́ ta ló ní kó má wá?

Èmi ni. Mo ní kó má wá, kò sì wá. Láti kékeré, bí mo bá ní dúró, á dúró. Bí mo bá ní má fọwọ́ kàn án, kò ní fọwọ́ kàn án. Ohun tí mo ń pè ní ìbínú... ìgbọràn ni. Ó ń ṣe ohun tí mo wí ni.

Mo tún ní mi ò gbóhùn rẹ̀. Ṣé mi ò gbóhùn rẹ̀ ni? Láàárọ̀ yìí ńkọ́, kí Quadri tó ka òfin kankan? Eékún rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yìí gan-an. "Ẹ káàárọ̀, sà." Mo tẹjú mọ́ fóònù bí ẹni tó ń wá nǹkan. Kò tètè dìde. Ó pẹ́ níbẹ̀ títí ẹnì kan fi pè é pé kó wá jókòó.

Aago dún. Ìka mi wà lókè pátákó. Àyè pọ̀ níwájú mi, mo lè máa ti táìlì yìí títí ilẹ̀ á fi ṣú... Ó gbójú sókè wò mí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo wá ìbínú lójú rẹ̀, mo tún un wá, kò sí níbẹ̀. Quadri ti ń kà. Ọmọ mi kí mi láàárọ̀, ó ti di ìrọ̀lẹ́, èmi ni mi ò tíì dá a lóhùn. Mo gbé ìka kúrò lójú fóònù, mo lanu.