Bàtà Iléyá Àwọn Fítà

Tí Fàdílátù bá ti yọ lórí títì Abossey Okai báyìí, Fàrúkù, ọ̀kan nínú àwọn fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe, á súfèé. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ súfèé yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù Alhaji Bùràímọ̀. Ẹni tó ń fa sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹtiróòlù á sáré pa á, ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ tí wọn ò gbé ró dáadáa á yọ́ jáde, gbogbo wọn á wá dákẹ́ minimini, àfi bí ẹni tí kò ṣẹ̀ rí.

"Ìyá Má-ṣe ti dé o!"

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Má ṣe tibí, má ṣe tọ̀hún. Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, wọ́n ti sọ ọ́ di ìyá! Iṣẹ́ séfútì ni Fàdílátù ń ṣe. Òun ló ń rí i pé iṣẹ́ kò ṣe ẹni tó ń ṣe é léṣe. Ṣùgbọ́n lójú àwọn fítà, amí ọ̀gá ni. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá mú, Alhaji ń fún un ní nǹkan lórí rẹ̀. Irọ́ gbuu! Ìbínú nìkan ni Alhaji ń fún un.

Nígbà tí irin já lu ẹsẹ̀ Abọ́dúndé, ọ̀kan nínú wọn, ẹkún ni Fàdílátù fi bẹ Alhaji kó tó ra bàtà fún gbogbo wọn. Bàtà gidi ni o, awọ dúdú tó ń dán, tó ní irin níwájú tó bo ìka ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tó pín in, wọ́n ṣàdúrà fún un títí ó fi ń tijú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, chale-wote, bàtà rọ́bà wọn àtijọ́, ni wọ́n tún wọ̀ wá síṣẹ́.

"Bàbá, bàtà yín ńkọ́?" Ó bi Bàbá Àdìgún, olórí àwọn fítà.

"Ó wà nílé."

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, bàtà wà nílé. Ni Alhaji bá pe Fàdílátù. "Mo náwó, ẹsẹ̀ kò wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí a bá padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn Iléyá, tí mo bá rí chale-wote kan péré nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, máa lọ bá ìyá rẹ ta ọṣẹ ní Cow Lane." Alhaji kì í sì í fi irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Ẹ̀rù ba Fàdílátù gidigidi, nítorí ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ó tún fẹ́ràn àwọn olóríkunkun yìí.

Nígbà tí Iléyá dé, òun àti ìyá rẹ̀ gba Yídì lọ. Ibi tí àwọn ọkùnrin ń bọ́ bàtà sí ló ti dúró lójijì. Bàtà séfútì! Gbogbo wọn ló tò síbẹ̀, tí wọ́n fi pólíìṣì pa títí wọ́n fi ń kọ mànà. Fàrúkù tilẹ̀ ti fi okùn funfun sí tirẹ̀.

Bàbá Àdìgún ń bọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́, nínú agbádá léèsì. Fàdílátù kúnlẹ̀ kí i kú ọdún, ó ní, "Bàbá, ẹ ní ó wà nílé."

"Ilé náà ló kúkú wà. Ṣé irú bàtà yìí ni kí n máa fi tẹ epo ẹ́ńjìnnì? Ṣé orí rẹ pé? Ìyàwó mi ní òun ò rí bàtà tó yẹ mí tó báyìí rí. Ọlọ́run á fún ẹ lọ́kọ rere, ọmọ yìí."

Inú ń bí Fàdílátù, ẹ̀rín sì ń pa á. Àṣé wọn ò kórìíra bàtà! Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù ni. Bó ti tuntun tó, tó sì dára tó yẹn, ti ọdún ni lójú wọn.

Nígbà tí wọ́n kírun tán tí Lẹ́mọ́mù ń ka kùtúbà, wáàsí ọdún, Fàdílátù yọ́ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó bàtà sínú àpò ọṣẹ tí ìyá rẹ̀ fi ká ẹní ìkírun wá.

"Ní Yídì, Fàdílátù? Astagfirullah!"

"Màmá, ẹ bá mi di ẹnu àpò yìí mú."

Inú takisí ló ti rí Bàbá Àdìgún, tó ká agbádá sókè, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán fò lórí ọ̀dà gbígbóná, tó ń gbé olè bàtà ṣépè. Fàdílátù gbọ́ èpè náà, ó sáré tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, bàtà ti tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Fàdílátù ti fi òkú ọ́ìlì, epo ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú, pa gbogbo wọn látòkèdélẹ̀.

"Ẹ kú ọdún, ẹ̀yin bàbá mi. Bàtà ọdún ti tán o. Bàtà iṣẹ́ ló kù."

"Mo gbé!" Bàbá Àdìgún ká ọwọ́ lérí. Fàrúkù gbá bàtà rẹ̀ tí okùn funfun rẹ̀ ti di dúdú mọ́yà, ó sì fi eré sí i, ó lọ fẹjọ́ sun Alhaji ní ilé rẹ̀ ní Kokomlemle. Èébú tí Fàdílátù gbọ́ láàárọ̀ yẹn, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n bàtà tó ti rí báyìí, ta ni yóò wọ̀ ọ́ re òde mọ́? Wọ́n ń kùn, wọ́n ń wọ̀ ọ́.

Oòrùn kò tíì mú tí ṣéènì tí wọ́n fi gbé gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ kan sókè fi já. Gíábọ́ọ̀sì já gbì sórí ẹsẹ̀ Bàbá Àdìgún!

Kí wọ́n tó pariwo, Fàdílátù ti kúnlẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà. Ó fà á yọ. Bàtà ti tẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ pé, wọ́n sì ń mira. Bàbá Àdìgún wo ìka rẹ̀, ó tún wo bàtà.

Ìgbà yẹn gan-an ni Alhaji já wọlé, Fàrúkù ń tẹ̀ lé e. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, o jí bàtà nílẹ̀ àdúrà? Kó ẹrù rẹ!"

"Ta ló jí bàtà?" Ohùn Bàbá Àdìgún ni. "Èmi ni mo fún un."

"Èmi náà fún un," Abọ́dúndé wí. Àwọn tó kù náà ní àwọn fún un.

Alhaji yíjú sí Fàrúkù. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo wá sọ fún mi pé ó jalè?"

"Háà, Alhaji, ọ̀rọ̀ àárọ̀ nìyẹn!"

Alhaji wo ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí chale-wote kankan. Ó poṣé, ó yí padà, ó lọ.

Fàdílátù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹkún kò jẹ́ kó lè dìde. Bàbá Àdìgún na ẹsẹ̀ sí i. "Ó tó, jàre. Bá mi wọ̀ ọ́ padà, kí o so okùn rẹ̀ le dáadáa. Iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀."