Àga Olùdarí

Ẹ ti fura kí n tó sọ ọ́: kì í ṣe ọ̀rọ̀ tábìlì ni Mùkáílà ń bá wọn fà ní ọ̀sán Sátidé yẹn, ọ̀rọ̀ àga ni. Ṣùgbọ́n tábìlì ló wà lẹ́nu rẹ̀.

“Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ pé tábìlì orí ẹ̀rọ yìí nìkan lo mọ̀ bí ẹni mọ ilé ọkọ, Khàdíjàh? Ta ló kọ́ ọ?”

Khàdíjàh gbé ọmọ rẹ̀ láti itan ọ̀tún sí itan òsì, ó yí kọ̀ǹpútà sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà. “Ẹ̀gbọ́n, mo kà á ni. Ṣebí kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé.”

“O kà á.” Mùkáílà wo Ògúntóyè bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. “Ó ní òun kà á ni o.”

Ògúntóyè, ẹni tó ń tọ́jú ìwé ní yunifásítì, tí ó sì ti mọ̀ pé ènìyàn lè ka nǹkan kó sì mọ̀ ọ́n, yíjú sí kọ̀ǹpútà.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ń pàdé ní pálọ̀ yìí ní Mọ́lẹ̀tẹ̀, nínú ilé tí bàbá Mùkáílà fi sílẹ̀ fún un. Gbogbo Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àìlá, wọn a jókòó yí tábìlì ká láti ṣe eré kan tí àwọn àgbàlagbà fi ń di ọmọdé. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn ìlú tí kò sí níbikíbi. Àwọn yòókù á di ará ìlú náà, kálukú á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, á sì ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Khàdíjàh ni oníyọ̀. Ògúntóyè ni atukọ̀ olójú kan. Oyèdàmọ́lá ni ìránṣẹ́ ọba. Mùkáílà ni olùdarí: òun ló ń rọ òjò, òun ló ń tẹ ìlú dó, òun ló ń pa ọba, tó sì ń fi òmíràn jẹ.

Kí ló sọ ọ́ di olùdarí? Òfin kan ni: ẹni tó dàgbà jù ni kó máa sọ ìtàn. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé òfin náà kalẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn tó ti sọ fún wọn pé 1978 ni wọ́n bí òun. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ta ni yóò bá àgbà jiyàn nínú ilé àgbà, pẹ̀lú irungbọ̀n tó kún àyà? Mùkáílà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ràn kí wọ́n máa kí òun ni.

Ohun tó dé ni pé wọ́n gbé iṣẹ́ Oyèdàmọ́lá lọ sí Sókótó. Ìlú tí kò sí níbikíbi wá di ìlú tí kò sẹ́ni tó ń dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá tábìlì orí ẹ̀rọ, níbi tí ẹni tó wà ní Mọ́lẹ̀tẹ̀ àti ẹni tó wà ní Sókótó yóò ti máa rí àwòrán ìlú kan náà àti dáìsì kan náà.

Méjì ló wà níwájú wọn. Èyí tí Mùkáílà fẹ́, inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni yóò máa gbé. Bí kò bá ṣí i, kò sẹ́ni tó lè wọlé.

“Ilé mi, kọ́kọ́rọ́ mi,” ó wí, inú rẹ̀ ń dùn.

“Ẹ̀gbọ́n,” Ògúntóyè rọra bi í, “tí iná bá lọ ńkọ́?”

“Ẹ ó dúró.”

“Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta la ò fi rí iná.”

“Ẹ ó dúró ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé eré lẹ rò pé à ń ṣe ni?”

Èyí tí Khàdíjàh mú wá ń ṣí lórí fóònù, dátà táṣẹ́rẹ́ ló sì ń jẹ. Ojútáyé ni ẹ̀rọ náà ń ju dáìsì, kálukú á rí nọ́ńbà tó jáde. Ó tún ní bọ́tìnnì kékeré kan tí olùdarí lè tẹ̀ láti gbé ìtàn fún ẹlòmíràn bí ó bá rẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí Mùkáílà ti rí bọ́tìnnì yẹn ni ojú rẹ̀ kò ti kúrò lára rẹ̀.

“Ta ló sọ fún un pé ó máa rẹ̀ mí?” ó bi kọ̀ǹpútà náà.

Ti dáìsì tún wà níbẹ̀. Fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tó gbé dúró bí ògiri ni Mùkáílà ti ń ju tirẹ̀, òun nìkan ló sì ń rí i.

“Iyọ̀ mi ti rì sódò lẹ́ẹ̀meje, Ẹ̀gbọ́n,” ni Khàdíjàh wí. “Mi ò tíì fi ojú mi rí nọ́ńbà tó rì í.”

“Ṣé o wá ń fura sí mi ni?”

“Áà, èmi kẹ̀? Mo kàn ń ṣàánú iyọ̀ ni.”

Ẹ̀rín bú jáde láti inú fóònù tó wà lórí tábìlì. Oyèdàmọ́lá ni, láti Sókótó. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká mú ti Khàdíjàh jàre. Ìyẹn wọlé sí fóònù tèmi wẹ́rẹ́.”

Mùkáílà na ọrùn sí fóònù náà. “Ó wọlé? Nígbà wo lo dán an wò?”

Oyèdàmọ́lá wúkọ́ nínú fóònù. “Àná.”

“Àná! Pẹ̀lú ta ni?”

“Èmi nìkan ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ìwọ nìkan. O jókòó sí Sókótó, o ń bá ara rẹ ṣe eré ẹlẹ́ni mẹ́rin.” Ó fara ti àga. Ọ̀rọ̀ náà ti yé e wàyí. Wọ́n ti ń pàdé lẹ́yìn òun. Wọ́n ti yan olùdarí tuntun. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú ní pálọ̀ òun yìí ni.

Àgbà kì í ké pé ọ̀tẹ̀ ni; ó máa ń fi òfin dí ọ̀nà rẹ̀ ni. Mùkáílà nu ẹnu rẹ̀.

“Ó dáa. Mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n orúkọ gidi, àwòrán gidi, àti ọjọ́ ìbí kálukú gbọ́dọ̀ hàn síbẹ̀. Lórí ẹ̀rọ, ọmọ àná lè máa pe ara rẹ̀ ní bàbá ẹni. Kí wọ́n to orúkọ wa láti orí àgbà dé orí ọmọdé, kí ìràwọ̀ olùdarí wà lára ẹni tó bá wà lókè pátápátá, kí Khàdíjàh sì ti bọ́tìnnì yẹn pa.”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ní í le jù báyìí?” Ògúntóyè bi í.

“Kí ló máa le níbẹ̀ fún ẹni tí kò ní nǹkan tó fi pa mọ́?”

Wọ́n forúkọ sílẹ̀. Oyèdàmọ́lá tẹ tirẹ̀ láti Sókótó, Ògúntóyè tẹ tirẹ̀ pẹ̀lú ìka kan. Ti Mùkáílà kò ní wàhálà rárá: Khàdíjàh bá a fi ímeèlì tí ọkùnrin náà ṣí nígbà tó wọṣẹ́ ọba wọlé, ẹ̀rọ náà sì kó gbogbo ohun tó fẹ́ láti ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí dùn mọ́ ọn. Ó ní ẹ̀rọ náà mọ ènìyàn ńlá.

Orúkọ wọn tò sójú kọ̀ǹpútà. Ògúntóyè, 1981. Mùkáílà, 1986. Oyèdàmọ́lá, 1990. Khàdíjàh, 1994. Ìràwọ̀ kan, tó pọ́n bí oyin, lọ bà lé orúkọ Ògúntóyè.

Ọmọ Khàdíjàh sín.

“Mo mọ̀!” Mùkáílà dìde dúró. “Mo ní ọ̀tẹ̀ wà nínú nǹkan yìí!” Lẹ́yìn náà ló rí i pé ọdún tó wà níwájú orúkọ òun kò ṣàjèjì sí òun, òun ló fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́ sínú ímeèlì ọjọ́sí. Ó tún jókòó. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ̀yin náà, ọjọ́ orí iṣẹ́ nìyẹn. Ta ni kò ní ọjọ́ orí iṣẹ́ nílẹ̀ yìí?”

Oyèdàmọ́lá fi ẹ̀rín gbà á lórí fóònù. “Ọdún mẹ́jọ lẹ gé kúrò! Ẹ̀gbọ́n, ẹ gé e kan egungun!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún bọ́gbọ́n mu, nítorí ta ni kò mọ ẹni tó ti dín ọjọ́ orí kù nítorí iṣẹ́? Khàdíjàh tilẹ̀ ti na ọwọ́ láti dá ìràwọ̀ náà padà fún ẹni tó ni ín. Bí Mùkáílà bá dákẹ́ níbẹ̀ ni, àga rẹ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ìfura dà bí ara yíyún. Ẹni tó bá ti họ ọ́ lẹ́ẹ̀kan yóò tún họ ọ́. Ó yíjú sí Ògúntóyè.

“Ìwọ tí o wà lókè gègèrè yìí wá ńkọ́? Ta ló jẹ́rìí sí 1981 rẹ? Àbí ìwọ àti Khàdíjàh lẹ jọ hun ún?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ó tán síbẹ̀.”

“Kò ní í tán síbẹ̀. Irọ́ ni! O fẹ́ fi irọ́ gba àga lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá mọ ìgbà tí wọ́n bí mi, kó sọ ọ́ nísinsìnyí.”

Ògúntóyè bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

“Màmá mi ni nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí yín. Kíláàsì kìíní ni mo wà nígbà náà. Àwọn ló fà mí lọ́wọ́ wá sí ìkómọ yín nínú pálọ̀ yìí, mo sì jẹ nínú ẹran àgbò náà.”