Omi Ìlúwẹ̀ẹ́, Omi Mímu

"Ẹ sọ fún un kó jáde o! Àbí ẹrẹ̀ lẹ fẹ́ ká fi ro ẹ̀kọ lónìí ni?"

Mùsílímátù ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó ti gbé ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀ létí ọ̀gọ̀dọ̀, ó sì ń wo àárín omi bí ẹni tí ń wo olè. Àwọn obìnrin tó kù tò sẹ́yìn rẹ̀ tàwọn ti garawa àti akèǹgbè. Nínú omi, Ifáníyì ń fọwọ́ lu omi, ó ń fẹsẹ̀ gbá a, ẹrẹ̀ ń ru sókè láti ìsàlẹ̀. Wọ́n so okùn mọ́ ọn ní ìbàdí kó má bàa rì. Àpèkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló di orí okùn kejì mú lórí bèbè.

"Ìyá Jàmíù, ẹ ṣe sùúrù, ó kù díẹ̀ kó débẹ̀," Àpèkẹ́ bẹ̀ ẹ́.

"Níbo ló ń lọ? Láti àárọ̀ tó ti ń lọ, ṣebí ojú kan náà ló wà!"

Ẹ̀rín bú lu gbogbo wọn. Ifáníyì náà rẹ́rìn-ín, omi ya wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó gbé e mì. Kò sẹ́ni tó ṣe háà. Ṣebí omi tí gbogbo wọn ń mu náà ni.

Ẹni tó bá mọ abúlé Ìdí-Ìyeyè tẹ́lẹ̀ kò ní gba ohun tójú rẹ̀ rí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gbọ́. Ta ló jẹ́ wọ bàtà dé etí ọ̀gọ̀dọ̀ yìí? Ìyàwó tuntun tó bá fi àìmọ̀ fọ ìṣasùn níbẹ̀, ewúrẹ́ ni ọkọ rẹ̀ yóò fi bẹ àwọn àgbà. Omi mímu ni, ẹnikẹ́ni kì í wẹ̀ nínú rẹ̀. Baálẹ̀ Àjàní ló ń ṣọ́ òfin náà bí ẹyin ojú, òun náà ló sì fẹnu ara rẹ̀ pa á rẹ́.

Nínú ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tí Elijah, akọ̀wé Ẹgbẹ́ Afínjú, gun alùpùpù wá sí abúlé. Àwọn olówó oṣù àti olówó ọjà ìgboro ló ń ṣe Ẹgbẹ́ Afínjú. Wọn a máa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn a jẹ ẹran ìgbẹ́, wọn a mu ọtí, wọn a sì jíròrò lórí ìlera ará oko. Àpèkẹ́ bu omi fún àlejò kó tó jókòó dáadáa, bí ọmọlúàbí ti í ṣe. Elijah gba igbá náà, ó fi kan ètè. Nígbà tó rò pé ojú ò sí lára òun mọ́, ó rọra dà á sẹ́yìn àga. Ojú Àpèkẹ́ wà lára rẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá," ni Elijah wí, "tráyátílọ́ọ̀nù lẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe."

"Tírà kí ni?" Baálẹ̀ Àjàní béèrè.

"Tráyátílọ́ọ̀nù, bàbá. Èèyàn á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, á jáde nínú omi, á gun kẹ̀kẹ́, á wá fẹsẹ̀ sáré parí rẹ̀."

"Tírà tí wọ́n ń wẹ̀ nínú omi," Mùsílímátù dá sí i, "ṣé háńtú táwọn alùfáà ń fọ̀ fún ni mu kọ́ nìyẹn?"

Agbo tú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Háńtú ni gbogbo abúlé ń pe ìdíje ọ̀hún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Elijah dárúkọ ẹ̀bùn, ẹ̀rín dá wáí. Abúlé tí ọmọ rẹ̀ bá gba ipò kìíní, ẹgbẹ́ yóò gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́rùn tí omi ń dà yàà, tó mọ́ gaara.

Ta ni yóò tún rẹ́rìn-ín? Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ilé tí sòbìà kò bá wọ̀ ní Ìdí-Ìyeyè, ilé náà ti tú ni. Ìyá Ifáníyì wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìí. Sòbìà ń yọ lórúnkún rẹ̀, funfun bí òwú, wọ́n sì ń fi igi tín-ín-rín ká a díẹ̀díẹ̀ kó má bàa já. Iṣu wà lébè, ẹsẹ̀ tí yóò rìn dé ìdí rẹ̀ ni kò sí. Wọ́n ti bẹ ìjọba títí ètè wọn bó.

Láti ẹ̀yìn agbo, Àpèkẹ́ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kúkú gbẹ́ kànga náà fún abúlé tí sòbìà ń dà láàmú jù?"

Elijah rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àǹtí, ìdíje ni. Ẹni tó bá làágùn là ń fún. Ọ̀fẹ́ ló ń sọ èèyàn di ọ̀lẹ."

"Níbo wá lọmọ wa yóò ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́?" ni Baálẹ̀ wí. "A ò lódò níbí."

Elijah fi àgbọ̀n júwe ọ̀gọ̀dọ̀. "Omi kọ́ ló wà níbẹ̀ yẹn ni, bàbá?"

Nígbà tí alùpùpù rẹ̀ lọ tán, ìpàdé di ariwo. Ìgbà tó rọlẹ̀, Baálẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká mu ìdọ̀tí lọ́dún yìí, ká lè mu omi gidi lẹ́yìn rẹ̀." Wọ́n wá yan Ifáníyì. Òun ló máa ń di ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere tí yóò gbé e gun òkè títí dé ọjà Ẹgbẹ́dá láìsọ̀ kalẹ̀. Baálẹ̀ bọ́ táyà kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ fún un. Mùsílímátù tó ń fi í ṣẹ̀sín lórí omi náà ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná dè é lóde lárààárọ̀, yóò ní, "Gbà, ẹja oko, jẹun."

Nọ́ọ̀sì Títíladé wá lọ́jọ́ kan láti Akanran, ó kó aṣọ funfun wá tí wọn yóò máa fi sẹ́ omi. Ó bá Ifáníyì nínú ọ̀gọ̀dọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

"Ẹ jáde níbẹ̀! Ṣé mi ò sọ fún un yín pé inú omi yìí ni sòbìà ti ń wọlé sí yín lára? Ẹni tó bá ń yọ sòbìà kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan omi táwọn èèyàn ń mu!"

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wo ẹsẹ̀ mi," Ifáníyì na ẹsẹ̀ méjèèjì síta. "Ó dán."

"Bó bá yọ ńkọ́? Ó máa ń tó bí ọdún kan tó fi ń gbénú èèyàn kó tó yọjú."

"Bó bá yọ, mo ti gba kànga nígbà náà."

Ọ̀sẹ̀ ìdíje gan-an ló yọ.

Àpèkẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ bá ohun kan pàdé lábẹ́ kókósẹ̀. Ibẹ̀ lé bí ibi tí iná jó, omi kún inú rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró.

"Kí lo rí?" Ifáníyì béèrè.

Àpèkẹ́ fi ìka hàn án. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wò ó fúnra rẹ̀.

"Wọ́n ní kí sòbìà tó degbò, olúgàǹbe là á ké sí. Ibo la ti fẹ́ rí ààyè ké sí olúgàǹbe báyìí?"

"Bàbá Fárìndé, nọ́ọ̀sì ní ẹ ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ bọ omi mọ́."

"Ṣé orí ilẹ̀ gbígbẹ ni n ó ti máa lúwẹ̀ẹ́ ni?" Ó sọ ohùn kalẹ̀. "Àpèkẹ́, ta ló tún mọ̀?"

"Ẹ̀yin àtèmi."

"Ó tó bẹ́ẹ̀."

Àpèkẹ́ ya etí ìró rẹ̀, ó fi di ẹsẹ̀ náà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tún di orí okùn mú lórí bèbè. Bí Ifáníyì ṣe wọnú omi, ojú rẹ̀ tó ti fà ro láti òru tú ká. "Omi tútù yìí, oògùn ni!" ó kígbe. "Ó ti dákẹ́ pátápátá!" Aṣọ tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ tú, ó léfòó. Àpèkẹ́ rí ohun funfun kan tó tú jáde láti ibi kókósẹ̀ náà, bí ìgbà tí wọ́n da omi ògì sínú omi, ó tàn, ó sì pòórá.

Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Mùsílímátù ri ìkòkò bọ omi. Ó ń bú gbùlù-gbùlù.

Àpèkẹ́ la ẹnu. Ó rántí kànga. Ó pa ẹnu dé.

Níbi adágún tí Olóyè Bámgbóṣé, ààrẹ Ẹgbẹ́ Afínjú, ti ń sin ẹja ni wọ́n ti ṣe ìdíje náà. Wọ́n ta àtíbàbà, orin ń dún nínú rédíò ńlá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jókòó sórí àga, wọ́n ń fi ìwé fẹ́ ara wọn. Ọ̀dọ́kùnrin láti abà oríṣiríṣi tò sétí omi nínú ṣòkòtò pénpé. Lazarus, ọmọ àbúrò Olóyè, wà láàárín wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló ti wá, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ bíi pé ọmọdé lè gbé e sórí. Elijah ń pe orúkọ wọn àti abà wọn nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní Lazarus ń ṣojú Abà Bámgbóṣé.

"Abà Bámgbóṣé?" Baálẹ̀ Àjàní yíjú. "Ta ló ń gbébẹ̀?"

"Adìẹ," Mùsílímátù dá a lóhùn. "Ṣebí ibẹ̀ ni Olóyè ti ń sin adìẹ."

Wọ́n fọn fèrè. Ìlúwẹ̀ẹ́ Ifáníyì kò dára wò, ṣùgbọ́n ó jáde láàyè, ó fò lé kẹ̀kẹ́. Àwọn tó rí i lórí òkè sọ lẹ́yìn náà pé ńṣe ló ń kọjá lára àwọn yòókù bíi pé wọ́n dúró. Òkè ọjà ni, ẹ̀gẹ́ ló ti kọ́ ọ. Àpèkẹ́ kò rí ìyẹn. Ìgbà tó fojú kàn án, ó ti sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ sáré bọ̀, bí a bá lè pe ìyẹn ní eré. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ó ń forí sọ bí ẹṣin tó yarọ. Lazarus ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń súnmọ́ ọn.

"Ẹja oko!" Mùsílímátù ké, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Ẹja oko, máa bọ̀!"

Ifáníyì ṣubú. Orí ìlà ìparí ló ṣubú sí, Lazarus kò sì tíì débẹ̀.

Ìdí-Ìyeyè bú sáyọ̀. Baálẹ̀ tó ti gbàgbé pé àgbà lòun ń fò sókè. Elijah gbé ẹ̀gbà òdòdó wá, ó bẹ̀rẹ̀ láti fi kọ́ ọn lọ́rùn, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí kókósẹ̀. Òwú funfun kan ń rọ̀ wálẹ̀ níbẹ̀, iyanrìn ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fò sẹ́yìn.

"Sòbìà!"

Olóyè Bámgbóṣé dìde wá. Kò wojú Ifáníyì rárá. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó yíjú wo adágún rẹ̀.

"Inú omi ẹja mi lo gbé èyí wọ̀?"

Baálẹ̀ Àjàní dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Olóyè, ẹ jọ̀ọ́. Torí rẹ̀ náà la ṣe wá. Torí sòbìà yìí la ṣe ń wá kànga."

"Ẹ dìde, bàbá. Ìdíje ìlera la ṣe. Ìlera!" Ó kọjú sí àwọn tó wà lórí àga. "Ẹni tí ara rẹ̀ ò dá, báwo ni yóò ṣe gba ẹ̀bùn ìlera?"

Àwọn ará orí àga pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ fún Lazarus. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yìí ló kọ́kọ́..." Olóyè wò ó lẹ́ẹ̀kan, Lazarus bá yíjú wo bàtà ara rẹ̀. Jàmíù, ọmọ Mùsílímátù, gbé Ifáníyì jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ níbi tí wọ́n ń di ẹ̀gẹ́ sí, ó sì ń tì í lọ sílé.

Ẹ má ṣe ní Olóyè kì í mú ìlérí ṣẹ. Kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀, kànga ẹlẹ́rọ ti dúró ní Abà Bámgbóṣé. Omi tó mọ́ gaara ń ṣàn nínú agbada adìẹ, ó ń kún, ó ń dà nù sínú koto. Nígbà táwọn obìnrin Ìdí-Ìyeyè gbé garawa débẹ̀, ọlọ́dẹ yọ pàṣán. "Omi adìẹ ni! Ẹ fẹ́ wá kó àrùn ràn wọ́n ni?" Wọ́n padà sídìí ọ̀gọ̀dọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, sòbìà sì yọ bí kò ṣe yọ rí. Kì í ṣe ẹnì kan nínú ilé kan mọ́, gbogbo ilé ni. Baálẹ̀ ń fìdí wọ́ kiri. Kókósẹ̀ Ifáníyì ti gan, kò lè fi wa kẹ̀kẹ́ mọ́. Ní ti Mùsílímátù, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni sòbìà ti yọ mẹ́ta, ẹgbò náà sì fa àrùn gìrì. Eyín rẹ̀ há mọ́ra. Ẹnu tó ń fi gbogbo abúlé ṣẹ̀rín pa dé, kò sì là mọ́ títí wọ́n fi gbé e sin.

Àpèkẹ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ di síwájú, nígbà tó gbọ́ ìró alùpùpù. Elijah ni. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ìdákẹ́jẹ́ náà kò yé e.

"Ẹ kú ilé o! Ìdíje ti ọdún yìí ló gbé mi wá," ó wí fún Baálẹ̀ tó wà lórí ẹní. "Kànga mìíràn ni ẹ̀bùn rẹ̀. Ta lẹ máa fi sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí?"

Baálẹ̀ la ojú, ó tún pa á dé.

Àpèkẹ́ fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde. Ó fi ògiri ṣe ọ̀pá títí ó fi dé ìdí àmù, ó bu omi kún igbá, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan bọ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ṣeé kúnlẹ̀ lé, ó fọwọ́ méjèèjì na igbá náà sí àlejò.

"Ẹ kọ́kọ́ mu omi ná, sà."

Elijah gbà á. Kò sí ibi tí ó lè dà á sí. Gbogbo ojú tó kù ní Ìdí-Ìyeyè ló wà lára rẹ̀, láti orí ẹní, láti ẹnu ilẹ̀kùn, láti abẹ́ igi ìyeyè.

"Omi... omi ibo rèé?" ó béèrè.

"Èyí tẹ́ ẹ júwe fún wa náà ni," ni Àpèkẹ́ wí.

Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀, kò sì gba igbá náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.