Àwọn Ọmọ-ọmọ Aràn

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́wàá àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni Bàbá Afọgò mú ìwé ìròyìn ìwádìí tuntun wọ yàrá àyẹ̀wò, tó gbé e síwájú obìnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Ọwọ́-Jẹ́jẹ́.

"Ìyá oníkòkòrò, àwọn aràn rẹ mà ti di gbajúmọ̀! Fọ́tò wọn ló wà lójú ewé kejìlá. Èmi tí mo ti ń fọ ìgò láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, kò sẹ́ni tó ya kànrìnkàn mi rí."

Ọwọ́-Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́, ó ṣí i. Ó dá àwọn aràn inú fọ́tò náà mọ̀ bí ìyá ti ń dá igbe ọmọ rẹ̀ mọ̀. Orúkọ méjì ló wà lókè ewé: ti Màmá, ọ̀gá yàrá náà, àti ti ọmọbìnrin tí Màmá bí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo ìparí, níbi tí wọ́n ti máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tún fíríìjì ṣe.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ló dé ibẹ̀, abọ́ ló wá fọ̀. Ilé-ìwé alẹ́ ló lọ, ọdún mẹ́fà lórí àga tí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kúrú, bàtà kan ṣoṣo fún mẹ́ta nínú ọdún mẹ́fà náà. Màmá ló rí i níbi tó ti ń yọjú wo maikirosíkóòpù. Ó fi wáyà tín-ín-rín lé e lọ́wọ́, ó kọ́ ọ bí a ti ń gbé aràn tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ láti abọ́ kan sí òmíràn láì pa á lára. "Ọmọ mi ni ọ́," ni Màmá wí níjọ́ náà. "Ohun tí mo bá rí jẹ, ìwọ náà á jẹ níbẹ̀."

Jíìnì, àṣẹ tí òbí fi sílẹ̀ sínú ara ọmọ, ni wọ́n ń wádìí. Wọ́n á mú ìyá aràn tó ní ẹ̀dà jíìnì kan tó dára àti ẹ̀dà kan tó bàjẹ́, wọ́n á sì ṣa àwọn ọmọ tó jẹ́ pé èyí tó bàjẹ́ nìkan ni wọ́n jogún, láti mọ̀ bóyá iṣan ìmọ̀lára wọn pé. Irun ìpéǹpéjú kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí igi ni wọ́n fi ń dán an wò. Bí irun bá kan aràn tí iṣan rẹ̀ pé, á fà sẹ́yìn. Èyí tí tirẹ̀ kò pé kò ní mọ̀ pé nǹkan fara kan òun. Òfin yàrá náà ni pé bí ọmọ bá ti fà sẹ́yìn, jíìnì yẹn kò kan iṣan. Kí wọ́n da abọ́ náà nù.

Ẹni tó ti fi omi kan fọ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì rí kì í da nǹkan nù. Ọwọ́-Jẹ́jẹ́ kó àwọn abọ́ náà sínú páálí lábẹ́ síńkì, ó dúró di ìgbà tí àwọn ọmọ bímọ, ó sì fi irun kan àwọn ọmọ-ọmọ. Wọn ò mira. Ó tún kàn wọ́n. Wọ́n nà sílẹ̀ bí okùn. Ìgbà yẹn ló yé e: ìyá, tó ṣì ní ẹ̀dà kan tó dára, ti di ẹrù tirẹ̀ sínú ẹyin kó tó yé e, ẹrù yẹn ni ọmọ fi kọ́ iṣan. Ṣùgbọ́n ọmọ kò rí nǹkan kan dì fún ọmọ tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi ń tún un ṣe kó tó dá a lójú, kó tó gbé e lọ fi han Màmá.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti kọ̀wé sí i pé bí orúkọ rẹ̀ bá hàn lórí ìwádìí kan péré kí oṣù kẹfà tó parí, àwọn á gbà á láti di olùwádìí. Màmá ló bá a ka lẹ́tà náà. "Fọkàn balẹ̀," ló sọ.

Ọwọ́-Jẹ́jẹ́ gbé ìwé ìròyìn náà lọ sí ọ́fíìsì Màmá. Ọmọ Màmá, Dókítà Kékeré, tó dé ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, jókòó síbẹ̀, ó ń mu tíì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò rí orúkọ mi."

Màmá kò gbójú sókè. "Ṣé o ti jẹun?"

"Màmá, orúkọ mi."

Dókítà Kékeré rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ṣé gbogbo ẹni tó bá gbé abọ́ la máa kọ sílẹ̀ ni? Ká kúkú kọ Bàbá Afọgò náà mọ́ ọn."

"Èmi ni mo wo àwọn ọmọ-ọmọ!"

"Àmì ta ló wà lára abọ́?" ni Màmá bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nínú yàrá náà, ẹni tó bá gbé aràn ló ń fi yíǹkì pupa kọ àmì ara rẹ̀ sí ìdí abọ́. Ọwọ́-Jẹ́jẹ́ kò kọ tirẹ̀ rí. Àmì Màmá ló ń kọ láti ọjọ́ kìíní, bí ọmọ kì í ti í kọ orúkọ sára ìkòkò ìyá rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Màmá ń rí i. Kò sọ fún un rí pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀wọ̀ ni mo fi ṣe, Màmá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ní ọmọ yín lèmi náà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀." Màmá ti ìwé náà padà sí i lórí tábìlì. "Ṣùgbọ́n èyí ni mo bí. Ọdún tó ń bọ̀ á san ọ́."

Bàbá Afọgò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ. "Ṣé wọ́n ṣàṣìṣe ni?"

"Rárá, Bàbá. Wọn ò ṣàṣìṣe."

Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù náà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga parí gbígba àwọn olùwádìí tuntun. Ẹgbẹ̀rún méjì abọ́ ó lé mẹ́rìndínlógójì ni Ọwọ́-Jẹ́jẹ́ ṣe, irun ìpéǹpéjú ara rẹ̀ mọ́kànlá ló sì lò. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn abọ́ náà tó ní àmì rẹ̀ lára. Wọn kò gbà á.