Ẹ̀wù Òtútù Ìyá Aránṣọ

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan nínú ọ́fíìsì ìjọba, èmi ni mo sì túmọ̀ ọpẹ́ náà. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni. Mo mọ̀, nítorí pé aago ara ògiri wà lókè orí òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ wa, n kò sì rí ibòmíràn tí mo lè máa wò lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán.

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi. Nílé, ó ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́nu ọ̀nà méjì àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Nígbà tí àwọn ológun yìnbọn pa àwọn èèyàn níwájú ilé ẹ̀kọ́, wọ́n pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin òkú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kan pósí mẹ́rìnlá láàárín ọjọ́ méjì. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n sì ń wá ẹni tó kan pósí kiri. Bàbá wa ní òun kò mọ ibi tó wà. Ìyẹn ni wọ́n fi pa Bàbá. Ìyá wa ti kú ṣáájú, kò sì bí ju àwa méjì lọ. A fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mọ́kànlá, a wọ ọkọ̀ mẹ́ta àti ọkọ̀ ojú omi kan, kí a tó dé orílẹ̀-èdè tí a ti tọrọ ààbò.

Ìjọba ibẹ̀ kò lé wa. Wọ́n fún wa ní yàrá kan ní àjà kẹta ilé kan: bẹ́ẹ̀dì méjì, tábìlì kan, fèrèsé kan tó dojú kọ ògiri. Wọ́n fún wa ní káàdì kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ fọ́tò wa ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: Kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Ní gbogbo Ọjọ́rú a ń lọ fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n lè mọ̀ pé a kò tíì sá. Ìwé pẹlẹbẹ kan tún wà tó ṣàlàyé òfin náà. Ó ní iṣẹ́ ni ohunkóhun tí èèyàn bá ṣe fún ẹlòmíràn tó sì gba nǹkan nídìí rẹ̀, ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe oúnjẹ, ìbáà ṣe aṣọ. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kí ìjọba tó dá a lóhùn ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́. Ojú ewé kẹrin ni ó wà. Mo mọ̀ ọ́n lórí, nítorí òun ni mo fi ń kọ́ èdè wọn ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, níbi tí àwa àgbàlagbà ti ń jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, tí orúnkún wa ń kan tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi lọ. Ó ní orí òun ti gbó.

"Tíṣà," bí ó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "ìwọ máa kọ́ ọ. Ẹnu kan ti tó ẹni méjì."

"Bí wọ́n bá wá bú yín lójú ọ̀nà ńkọ́, Bọ̀dá?"

"Bí wọ́n bá bú mi tí mi ò gbọ́, ta ló ṣòfò?"

Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbà fún un láti jókòó lásán. Ó fi èéfọ́ gíláàsì fá igi ojú fèrèsé títí ó fi ń dán. Láràárọ̀ ló máa ń fi ìka wọn tábìlì wa, láti orí dé ìdí.

"Ṣé ó ti gùn sí i?" ni mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Ó gùn díẹ̀. Òun náà ò ríṣẹ́ mìíràn ṣe."

Ìyá kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ọmọ orílẹ̀-èdè náà ni wọ́n, aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì, opó. Ilẹ̀kùn wọn ti wọlẹ̀, ó ń họ sìmẹ́ńtì, kò sì ṣe é tì. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi kọ̀wé sí onílé tí kò dáhùn. Bí wọ́n bá fẹ́ sùn, wọ́n á wọ́ àga wá fi ti ilẹ̀kùn náà lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbọ́ ìró àga yẹn, á sì pa ojú dé bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá, kò lè fara dà á mọ́. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ìyá náà, ó mú ọ̀bẹ ìdáná wa lọ́wọ́, páálí ìṣáná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá, òfin."

"Òfin wo? Ṣé mo ní kí wọ́n sanwó ni? Ilẹ̀kùn ló ń sunkún, mo ní kó dákẹ́."

Ó fi ẹnu ọ̀bẹ yí àwọn ìṣó hínjì òkè tú. Ihò wọn ti gbòòrò, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn fi tẹ̀. Ó gbẹ́ igi ìṣáná ṣóńṣó, ó fi gọ́ọ̀mù ìwé mi ra á, ó kì í sínú ihò kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi kún, ó sì tún àwọn ìṣó náà yí padà sáyè wọn. Kò tó wákàtí kan. Nígbà tó ṣe tán, ìka kan ṣoṣo ló fi ti ilẹ̀kùn náà. Ìyá aránṣọ ṣí i, wọ́n tì í, wọ́n tún ṣí i, wọ́n tún tì í.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ẹ̀wù òtútù ọkọ wọn wá fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀wù dúdú ni, bọ́tìnnì márùn-ún, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi aṣọ tuntun tẹ́ inú rẹ̀. Súwẹ́tà kan tó ti jẹ́ ní ìgúnpá ni ẹ̀gbọ́n mi ní. Ó kọ ẹ̀wù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n fi í kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn wa, wọ́n sì wọlé lọ.

Mo rán an létí ojú ewé kẹrin. Ó ń fọwọ́ pa ojú rírán inú ẹ̀wù náà, bí oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń wo iṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́.

"Àgbàlagbà yọ ẹ̀wù ọkọ ẹ̀ fún mi, kí n dá a padà? Kí n wá sọ pé kí ló dé?"

Ó wọ̀ ọ́. N kò sọ ọ̀rọ̀ òfin náà fún ìyá aránṣọ. Ó tì mí lójú láti sọ fún wọn pé oore wọn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá wa máa ń wí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọpẹ́ ọjọ́ kan kì í sì tó lọ́dọ̀ tiwa. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó tún dúpẹ́ àná. Bí ó bá pẹ́ tí a tún pàdé, a ó dúpẹ́ ọjọ́sí. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi bá pàdé ìyá aránṣọ lórí àtẹ̀gùn, á dúró, á tẹrí ba, á ní, "Ẹ ṣé ọjọ́sí, mà." Èmi ni mo ń túmọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìyá náà yíjú sí mi.

"Ṣé ó rò pé mo ti gbàgbé ni, àbí òun ló ń gbàgbé?"

Mo ní bí a ṣe ń ṣe ni.

"Sọ fún un pé ó ti dúpẹ́ tó. Ẹ̀wù ni mo fún un, kì í ṣe ilé."

Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín. "Sọ fún wọn pé ká ní ilé ni, wọn ò bá má tíì sùn títí di òní."

Òfin tún ní kí ọmọ ilẹ̀ náà kan wá jẹ́rìí sí ìwà wa lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa gbọ́ ẹjọ́ wa. Ìyá aránṣọ ní àwọn á wá. Lọ́jọ́ náà, wọ́n fi irun wọn sábẹ́ fìlà, wọ́n sì jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ẹni tó wá rí dókítà.

Ògbufọ̀ tí ìjọba yàn kò wá. Òṣìṣẹ́ náà, ọkùnrin kan tí àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀, ní a lè padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, tàbí bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbà, kí n túmọ̀ fún un.

"Oṣù mẹ́rin kẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Àbúrò mi ti kàwé. Kó máa sọ ọ́ lọ."

Ó ń lọ dáadáa. Ìyá aránṣọ jẹ́rìí pé kì í pariwo, pé ó máa ń bá àwọn gbé ẹrù gòkè. Òṣìṣẹ́ náà béèrè ọ̀rọ̀ pósí. Ó béèrè irú igi tó fi kàn wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi sì dárúkọ igi náà, ó sọ bí ó ṣe nípọn tó àti ibi tó ti rà á.

"Mẹ́rìnlá láàárín ọjọ́ méjì. Báwo ló ṣe ṣeé ṣe?"

"Tí èèyàn ò bá sùn," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Mẹ́ta nínú wọn kéré."

Òṣìṣẹ́ náà fi bírò lélẹ̀, ó mu omi. Ó ní òun gba ohun tó sọ gbọ́. Ó ní bí wọ́n bá dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà, kò dájú pé yóò yè é. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ó ku ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó de bọ́tìnnì ẹ̀wù náà márààrún, ó kọjú sí ìyá aránṣọ, ó sì tẹrí ba.

"Tíṣà, bá mi sọ fún Ìyá pé wọ́n ṣé ọjọ́sí. Ọjọ́ tí mo tún ilẹ̀kùn wọn ṣe, wọ́n fi ẹ̀wù yìí bò mí, òtútù ò sì pa mí. Mo fẹ́ kí ìjọba náà gbọ́ pé wọ́n ṣeun."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo rọra ṣe é. N kò fo ọ̀rọ̀ kan, n kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. N kò tíì sọ èdè náà dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ ojú ewé kẹrin lórí, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò jọ iṣẹ́ létí mi.

"Ilẹ̀kùn wo?" ni òṣìṣẹ́ náà béèrè.

Ìyá aránṣọ dáhùn pé ilẹ̀kùn tàwọn ni.

"Ẹ̀yin lẹ fún un ní ẹ̀wù náà?"

"Èmi ni. Mo kàn fún un ni. Kì í ṣe owó iṣẹ́."

"Bí kò bá tún ilẹ̀kùn ṣe, ṣé ẹ ó fún un?"

Wọ́n ronú. Olóòótọ́ èèyàn ni wọ́n. "Rárá," ni wọ́n wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn."

Òṣìṣẹ́ náà tún mú bírò rẹ̀. Ó ní inú òun ò dùn sí i, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ lójú òun, òun gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ìgbà náà ni mo gbójú sókè wo aago.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé, "Ṣé mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ ni?"

"Rárá. Èmi ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn."

"O túmọ̀ ẹ̀ dáadáa," ni ó wí. "Mo rí i lójú ọkùnrin yẹn pé gbogbo ẹ̀ ló yé e."

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta, lẹ́tà méjì dé. Wọ́n gbà mí láyè láti dúró, mo sì lè ṣiṣẹ́. Tirẹ̀ kò ju ojú ewé kan lọ. Ó ní ó ṣiṣẹ́, ó sì gba ẹ̀wù nídìí rẹ̀. A pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì dá a nù ní oṣù karùn-ún. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹfà, ó lọ fọwọ́ sí ìwé, wọn ò jẹ́ kó jáde mọ́. Mo dúró láti aago mẹ́sàn-án títí di ọ̀sán. Wọ́n jẹ́ kí n rí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún, gíláàsì wà láàárín wa. Oòrùn ti mú nígbà náà, ẹ̀wù náà wà lára ìṣó nínú yàrá.

"Bá mi kí Ìyá," ni ó wí. "Sọ pé mo dúpẹ́ ọjọ́sí."

Mo kan ilẹ̀kùn ìyá aránṣọ, mo sì jíṣẹ́ náà. Wọn kò sọ pé ó ti dúpẹ́ tó. Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, kò dún.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá a padà, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lẹ́ẹ̀mejì láti ilé. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Òun nìkan ni ọmọ ìyá tí mo ní, n kò sì ní i mọ́.