Agbọ̀n Ìborí Ìyá Dásọ́lá

Àwọn ọmọ kọ́áyà ló sọ ọ́ ní Màmá Oníborí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o, torí kò sẹ́ni tó láyà láti pè é lójú. Àtinúkẹ́ ni orúkọ rẹ̀, opó ará Makun ní Ṣàgámù, Ìyá Dásọ́lá. Kí agogo Mísà tó dún lọ́jọ́ Ìsinmi, á ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà pẹ̀lú agbọ̀n tó kún fún ìborí funfun, tó fọ̀, tó lọ̀, tó sì fi sítáàṣì sí. Obìnrin tó bá dé láìborí, á na ọ̀kan sí i. "Gba èyí, àbí kí o padà sílé." Kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní Pọ́ọ̀lù mímọ́ náà kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń kọ ọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1988, Dásọ́lá ti Èkó dé láti bá ìyá rẹ̀ ṣọdún. Ó ti dirun tuntun, irun wẹ́wẹ́ tó balẹ̀ dé èjìká, tó wu ojú. Ìyá na ìborí sí i lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ rẹ́rìn-ín.

"Màámi, ẹ wo irun yìí ná! Odidi ọjọ́ kan ni mo fi jókòó níwájú onídìrí. Ṣé ẹ fẹ́ kí n wá bò ó mọ́lẹ̀ ni?"

Ó kọjá wọlé. Ìyá dá ìborí padà sínú agbọ̀n, gbogbo wa ló sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àfi ìgbà tí Dásọ́lá tò láti gba Ara Olúwa, tó kù díẹ̀ kó kàn án, ni Àtinúkẹ́ dìde, ó gbá ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú níwájú Fada, ó sì wọ́ ọ láàárín ìjọ títí dé ìta. Ó ní, "Ọmọ tí kò nítìjú kò ní gba Olúwa níṣojú mi!" Fada di Kọmúníọ̀nù mú lókè, ó ń wò wọ́n. Kò sọ nǹkan kan. Àwọn àgbààgbà obìnrin ń mi orí pé ìyá gidi nìyẹn.

Dásọ́lá kò jiyàn. Ó lọ sílé, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi òsì fà á mọ́ra. Ta ni yóò sọ ìyẹn fún Àtinúkẹ́? Ẹnu àwọn ará ọjà ló ti gbọ́ pé ọmọ òun ti fẹ́ awakọ̀ kan tí ń jẹ́ Tàjúdéènì, pé ó ti gba ẹ̀sìn ọkọ, pé Likosi níbí ló ń gbé, ibi tí mọ́tò ń dé kí ènìyàn tó rí oorun sùn. Ó gbọ́ pé ó bímọ obìnrin. Wọn kò pè é síbi ìsọmọlórúkọ. Ó sunkún lóru, ó nu ojú láàárọ̀, ó gbé agbọ̀n rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń dì mú: pé òun ló jàre, pé òfin Ọlọ́run lòun tẹ̀ lé.

Ní ọdún 1996 ni wọ́n gbé Fada tuntun wá, Fada Oyèkọ́lá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ èèyàn pọ́n lé. Lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Ìsinmi kan, ó dá àwọn ìyá dúró.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin máa wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ borí, kó borí, ó dára, ó níyì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin mọ́."

Àtinúkẹ́ dìde. "Láti ìgbà wo, Fada?"

"Ó ti pẹ́, Màmá. Ìwé òfin tuntun tí Ìjọ gbé jáde ní 1983 kò fi dandan lé e mọ́. Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní ayé ti bàjẹ́. Àtinúkẹ́ jókòó wọ̀ọ̀. Òfin tó ti kú ló fi lé ọmọ rẹ̀ jáde. Fada ìgbà yẹn mọ̀! Ó dúró níbẹ̀, ó mọ̀, ó pa ẹnu mọ́, torí obìnrin tó ń bá a ṣọ́lẹ̀kùn wúlò fún un. Inú bí i débi pé ó gbàgbé pé inú ilé Ọlọ́run lòun wà, ó ṣépè. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ọwọ́ tó fi gbá Dásọ́lá mú, ó rí i pé ọwọ́ òun ni, kì í ṣe ọwọ́ Fada.

Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó jù ú sínú agbọ̀n, ó fi agbọ̀n sílẹ̀, ó bọ́ sójú títì. Ó ní orí tí kò ní ìborí lòun torí rẹ̀ lé ọmọ òun, orí tí kò ní ìborí náà lòun yóò gbé lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ sì mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa níbí, ìyá àgbà tó bá ń rìn lọ́sàn-án gangan láìwé gèlè, òkú ló sùn nílé rẹ̀. Àwọn obìnrin Makun káwọ́ lérí: "Yéè! Ìyá Dásọ́lá, ta ló kú?" Ó kọjá lára wọn. Nígbà tó wọ mọ́tò Likosi, awakọ̀ kò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi sọ́wọ́, Màmá. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Dásọ́lá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wọ híjáàbù tó bò ó dé àyà. Ó kígbe.

"Màámi! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ìwọ ni mo wá wò." Ìyá fẹ́ kúnlẹ̀, ọmọ yára dì í mú, torí èèwọ̀ ni. "Dásọ́lá, kì í ṣe òfin. Fada tuntun sọ fún wa. Ìgbà tí mo wọ́ ọ jáde yẹn gan-an, kì í ṣe òfin mọ́. Mi ò mọ̀. Dákun, foríjì mí, kí o máa bọ̀ nílé."

Dásọ́lá yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ìyá rẹ̀.

"Ṣé nítorí òfin ni mo ṣe lọ ni, Màámi? Bó jẹ́ òfin, bí kò jẹ́ òfin, ọwọ́ yín ló wọ́ mi."

"Ìwọ tó kọ ìborí mi, kí wá ni èyí tó wà lórí rẹ?"

"Ìyá ọkọ mi ló fún mi. Ó ní bó bá wù mí ni. Ó sì wù mí."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Láti inú pálọ̀ ni ohùn àgbà obìnrin kan ti dún pé, "Ìyàwó, ta ni?" Àwọn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọmọdébìnrin kan sì ń rẹ́rìn-ín láàárín wọn. Àtinúkẹ́ kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó gbé ẹsẹ̀ láti wọlé. Dásọ́lá na ọwọ́ dá ẹnu ọ̀nà. Ó wo ewú tó wà lórí ìyá rẹ̀, ó wọlé, ó sì mú ìborí funfun kan jáde.

"Ẹ gba èyí, Màámi. Àwọn àlejò ọkọ mi wà nínú ilé. Ẹ ò lè wọlé báyẹn."

Ìborí náà mọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti fi sítáàṣì sí i, gẹ́gẹ́ bí Àtinúkẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ ọmọ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìyá gbà á. Ọwọ́ tó ti borí fún ìdajì obìnrin Makun kò lè bo orí òun fúnra rẹ̀, aṣọ ń yọ̀ bọ́ lórí rẹ̀, ó ń tún un gbé, ó tún ń bọ́. Dásọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó, kò sì ràn án lọ́wọ́.