Ìyá Tí A Kì Í Pè Ní "Ó"

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí nọ́ọ̀sì yìí máa jókòó ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ti wà lókè òkun. Ilé ìwòsàn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ níbẹ̀ ti ní bí èsì ò bá dé lóṣù yìí, àwọn á gba ẹlòmíì. Ìwé kíkà ò bà á lẹ́rù, kíkọ náà ò sì bà á lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ sísọ ló máa ń gbé e ṣubú.

Yàrá ìdánwò náà ò ju ibi tí wọ́n ti ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ lọ: tábìlì kan, àga méjì, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Olùdánwò, ọkùnrin kan tó wọ awò ojú, na káàdì sí i: kó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì nípa ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ kan.

Ta ni ì bá tún mú? Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní aṣọ rírán, àwọn náà ló sìn ín wá, tí wọ́n gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde báyìí. Ó bẹ̀rẹ̀: "My mother, they..."

Yéè! Olùkọ́ rẹ̀ ti kìlọ̀ títí ẹnu fi bó o: ní Gẹ̀ẹ́sì, "she" ni ìyá ẹ, ẹnì kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wo ló máa la ẹnu pe ìyá rẹ̀ ní "ó", bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́? Ó tún un sọ. "They" náà ló tún jáde.

Olùdánwò gbójú sókè. "Èèyàn mélòó lò ń sọ̀rọ̀ wọn?"

Aago ń sáré, kò síbi tó fẹ́ gbà. Àbúrò! Èèyàn lè pe àbúrò ní "she" títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ó ti dárúkọ ìyá ná, kò sì mọ bó ṣe máa yọ wọ́n kúrò nínú ọ̀rọ̀.

"Màmá mi ti kú," ló sọ ní Gẹ̀ẹ́sì. "Àbúrò mi obìnrin ló kọ́ mi."

Háà! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àmọ́ láti ibẹ̀ lọ, "she" ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ, olùdánwò sì ń mi orí.

Nígbà tó jáde, ìyá rẹ̀ dìde. "Ọmọ mi, ṣé o rí i sọ?"

"Mo rí i sọ, mà." Kò lè wo ojú wọn.

Wọn ò tíì dé ibi àtẹ̀gùn tí olùdánwò fi jáde wá mu omi. Ó wo ìyá, ó wo ọmọ. Wọ́n kúkú jọra bí ìmumu.

"Your mother?"

Ìyá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ti fẹ́ kí ọkùnrin náà. Ẹ gbọ́ o, kò sẹ́ni tó ń gba máàkì lọ́wọ́ èèyàn nítorí irọ́ nínú ìdánwò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í gbọ́ àlàyé.

"No," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "My auntie."

Ìyá mọ "No" náà. Wọ́n dúró títí ọkùnrin náà fi wọlé padà. Wọ́n wá bọ́ báàgì ọmọ wọn kúrò léjìká ara wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Ẹ gba báàgì yín, mà," ni wọ́n wí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ ò pè é ní "ẹ" rí.